Ọ̀kẹ́rẹ́ Gbàdúrà Kí Òun Pàdánù

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹni tó jẹun yó kì í dáhùn báyẹn. Àlọ́ o!

Àlọ̀ ò!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Mo mọ̀ pé Ahun lẹ ń retí, ṣùgbọ́n Ahun ti ní kí n jẹ́ kí òun sinmi. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dì rù ú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọ̀. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀ láti orí igi kan bọ́ sí òmíràn, kò bà lé ewé, kò bà lé èso, Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù gígùn ló bà lé lórí.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń dáko bí ènìyàn, eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Tí wọ́n bá ti wa iṣu tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọn á kó ọmọrí igbá jáde, àwọn tó rí pẹrẹsẹ, tó gbẹ dáadáa, tó fúyẹ́ bí ewé. Wọn á fi imọ̀ ọ̀pẹ hun apẹ̀rẹ̀ méje, wọn á so wọ́n mọ́ ara igi méje, láti ara àràbà tó wà lẹ́nu ibodè títí dé ara igi ọsàn tó wà létí odò. Ẹni tó ń ṣeré á dúró lókèèrè, á ju ọmọrí igbá rẹ̀, á fò lọ fìrìrì. Ibi tó bá bọ́ sí ni yóò ti tún un jù, títí yóò fi wọ inú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó kan igi kejì. Ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù lọ nígbà tí igi méjèèje bá parí, òun ló borí. Ó yé yín. Mo tiẹ̀ ń rí àwọn tó ti ń ṣẹ́jú wo ọmọrí igbá ìyá wọn nínú yàrá ìdáná. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Níbi tí eré bá ti dùn, tẹ́tẹ́ kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀pà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Màá sọ òtítọ́, nítorí Ọlọ́run ò fẹ́ irọ́, ì báà jẹ́ nínú àlọ́: tẹ́tẹ́ ẹ̀pà yẹn ṣe ìlú lóore. Ẹni tí kì í jáde nílé jáde. Ẹtu àti Ìmàdò, tí wọn ò tíì kí ara wọn fún ọdún mẹ́ta, jókòó sórí ìtì igi kan náà, nítorí pé ẹnì kan náà ni wọ́n fi ẹ̀pà tì lẹ́yìn. Ẹni tó jẹ á bu fún ẹni tí kò jẹ. Wọn á bu ti àwọn opó sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pín ìyókù. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ti mọ adùn ẹ̀pà, kì í pẹ́ kó tó nà sí iṣu. Ní ọdún kejì wọ́n gbé àgbàdo wá. Ní ọdún kẹta wọ́n gbé iṣu. Bàbá Ẹfọ̀n, tó jẹ́ olórí ìlú, pè wọ́n jọ, ó ní ẹ̀pà ni eré, iṣu ni ikùn, kí wọ́n má fi ikùn ṣeré. Wọ́n ní Bàbá ti darúgbó. Nígbà tó rí i pé etí wọn ti di, ó ṣe òfin kan ṣoṣo: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti mọ̀ọ́mọ̀ ń ju igbá kí òun lè pàdánù, wọn á pín abà rẹ̀ fún ará ìlú, òun náà á sì kúrò nílùú.

Bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ náà kò le. Òkìtì iṣu méjì ló máa ń wà lábẹ́ àràbà, ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ díje. Ẹni tó o bá gbà gbọ́, inú òkìtì tirẹ̀ lo máa gbé iṣu rẹ sí. Tí eré bá parí, àwọn tó gbè sẹ́yìn ẹni tó borí á kó iṣu wọn padà, wọn á sì pín òkìtì kejì mọ́ ọn.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀yà ló kù tí wọn yóò jọ figagbága. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti borí ní ọdún mẹ́ta léraléra. Ọ̀yà ní tirẹ̀, ìdí rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà. Bó ṣe dé ibẹ̀ gan-an, àánú ni: ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún un jẹ ọsàn tí kò pọ́n, inú rẹ̀ ń run ún, ẹnì kejì lọ síbi ìsìnkú bàbá ìyàwó rẹ̀. Nítorí náà òkìtì Ọ̀kẹ́rẹ́ ga bí ọ̀gán. Iṣu kan péré ló wà ní ti Ọ̀yà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ kí àlàáfíà lè wà nínú ilé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró, ó ń wo òkìtì méjèèjì. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé ìlú gba òun gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ nínú. Ó rò ó pé tí òun bá borí, kí ni yóò kan òun? Wọn á gbé òun sókè, wọn á kọrin, wọn á sọ òun kalẹ̀. Orin kì í kún abà. Ṣùgbọ́n tí Ọ̀yà bá borí, gbogbo ọ̀gán iṣu yìí di ti ẹni tó bá gbè sẹ́yìn Ọ̀yà. Ẹ ò rí i pé Èṣù kì í fi ìwo wọ ilé. Ìṣirò ló máa ń gbé wá, ìṣirò náà á sì tọ̀nà.

Ó gba ilé Òkété ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ kí Òkété gbé ọgọ́ta iṣu sínú òkìtì Ọ̀yà, ní orúkọ ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé òun ló ni ín. Òkété béèrè ibi tí ọgọ́ta iṣu ti máa wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní abà Àwẹ̀ró ìyàwó òun ni, obìnrin náà ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, kò ní í dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Òkété fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. “Ṣé kì í ṣe èbù ló wà nínú abà yẹn?”

“Iṣu ni iṣu.”

“Rárá o. Iṣu ni èèyàn ń jẹ. Èbù, ọdún tó ń bọ̀ ni. Tó o bá kó o síta, kí lẹ máa gbìn tí òjò bá rọ̀?”

“Ọdún tó ń bọ̀ náà ni mo ń wá oúnjẹ sí, ọ̀rẹ́ mi. Ọgọ́ta máa jáde, ẹgbẹ̀ta máa wọlé. Màá dá èbù padà kí Àwẹ̀ró tó sọ ẹrù rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ tìrẹ.”

Ìgbà tí Òkété gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ó dẹ́kun ìwàásù. Ní ìdájí, wọ́n kó ọgọ́ta èbù jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ará ìlú rí òkìtì Ọ̀yà tó ti gbèrú, wọ́n gbọ́ pé Òkété ló ni ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n bi í bóyá ilẹ̀ tó ń gbẹ́ ló ti wọ̀ ọ́ lórí. Òkété ní òun kàn nífẹ̀ẹ́ Ọ̀yà ni.

Ìṣòro kan ṣì wà níwájú Ọ̀kẹ́rẹ́, òfin Bàbá Ẹfọ̀n. Báwo ni yóò ṣe pàdánù tí ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀? Tó bá ju igbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á mọ̀, nítorí wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ronú, ó ronú, ó rí ọgbọ́n kan tó jẹ́ kó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó ọmọrí igbá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sódò, ó fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yọ wọ́n, wọ́n wúwo bí ọmọ ọlọ. Ó fi ewé nù wọ́n títí ara wọn fi dà bí èyí tó gbẹ. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa fi gbogbo agbára jù wọ́n, òógùn á bọ́, wọn kò sì ní í dé ìdajì ọ̀nà. Ará ìlú ni yóò tún máa kẹ́dùn fún òun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ro ti ará ìlú, ó ro ti Bàbá Ẹfọ̀n, ó ro ti ìyàwó. Kò ro ti Ẹni tó ni afẹ́fẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ eré mọ́, ọyẹ́ jí dìde. Kì í ṣe ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ yìí o. Ọyẹ́ tó ń ká ewé lórí igi, tó ń gbé eruku bíi pé ó fẹ́ fi mọ ilé. Ọ̀yà ló kọ́kọ́ jù. Ó ju ọmọrí igbá rẹ̀ tó gbẹ, tó fúyẹ́. Ọyẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọjá àràbà, ó gbé e kọjá ilé mẹ́ta, ó lọ sọ ọ́ sínú oko Ìmàdò. Ọ̀yà dúró, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí bóyá ó ti wọlé.

Ó kan Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó gbé ọ̀kan nínú igbá tó ti mumi yó, ó yí ara rẹ̀ po, ó fi gbogbo agbára jù ú gẹ́gẹ́ bó ti pinnu. Ọyẹ́ sáré wá láti gbé e. Ọyẹ́ ò lè gbé e. Igbá náà la afẹ́fẹ́ kọjá gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó wọ inú apẹ̀rẹ̀, gbì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá eré yìí sílẹ̀, ẹnì kan ò tíì fi jíjù kan ṣoṣo parí àràbà rí.

Ìlú gbé orin:

Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ orí igi,
Sọ ọ́ kó wọlé.
Ọyẹ́ ń fẹ́, ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n,
Sọ ọ́ kó wọlé.
A ti fi iṣu wa tì ọ́ lẹ́yìn,
Sọ ọ́ kó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká jọ gbè é. Sọ ọ́ kó wọlé! Ó dáa.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé èèṣì ni. Ní ìdí igi kejì, ó fojú sí apẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n ó dọ́gbọ́n darí ọwọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Ọyẹ́ tó ń ti apá òsì bọ̀ rọra ti igbá náà padà sójú ọ̀nà, bí ìyá tó ń ti ọmọ rẹ̀ wọ ilé. Gbì. Ní ìdí igi kẹta, ó tọ Bàbá Ẹfọ̀n lọ, ó ní ọmọrí igbá òun ti ń sán, òun fẹ́ yá tuntun, kí wọ́n fún òun ní èyí tó gbẹ dáadáa. Bàbá Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní irú ìrẹ̀lẹ̀ yìí wù òun, pé ẹni tó ń borí tún ń wá ọ̀nà kí ẹnì kejì lè bá a. Ṣùgbọ́n igbá tí èèyàn bá fi bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi parí.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ yíjú sí ọ̀run. Ẹ wo irú àdúrà yìí. Ó ní, “Olúwa, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n pàdánù.” Igba ẹranko wà lápá ọ̀tún, wọ́n ń gbàdúrà kó borí. Òun nìkan wà lápá òsì, ó ń gbàdúrà kó ṣubú. Òkété náà ń gbàdúrà tirẹ̀ lẹ́nu ihò, ṣùgbọ́n Òkété ò mọ ẹni tí òun ń gbàdúrà sí, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbàdúrà kẹ́yìn.

Igi kẹta, ẹ̀ẹ̀kan. Igi kẹrin, ó jù ú ní ìjùkujù, ẹ̀ẹ̀mejì ló parí rẹ̀. Igi karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan. Igi kẹfà, ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ń ṣí fìlà fún un. Ọ̀yà ní tirẹ̀ ti ju ogójì, ó ṣì ń wá igbá rẹ̀ lábẹ́ igi ìṣin.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ju ti igi ọsàn létí odò, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti mọ̀ pé bí nǹkan ò bá yí padà, èbù Àwẹ̀ró ti lọ. Ọgọ́ta. Ó fojú inú rí abà tó ṣófo, ó rí òjò àkọ́rọ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó mú agbọ̀n lọ́wọ́, tó ń ṣílẹ̀kùn. Ìbẹ̀rù yẹn borí ìbẹ̀rù òfin. Ó kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, ó ju igbá náà sí àárín odò gan-an. Ó rò pé tó bá rì, òun á wá a títí di alẹ́, iye jíjù òun ò ní í lópin.

Ọyẹ́ ti ń kó ara jọ ní òdìkejì odò láti àárọ̀. Ó pàdé igbá náà lókè omi. Ó dá a dúró. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó dá a padà sí ilẹ̀, ó fi gbá ẹ̀ka ọsàn, ẹ̀ka ọsàn gbọ̀n ọ́n dànù, ó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn méjì.

Bàbá Ẹfọ̀n rò pé ọgbọ́n ló fi kẹ̀yìn jù ú, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí irú èyí rí. Wọ́n gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ sórí èjìká. Wọ́n ń kọrin lọ sábẹ́ àràbà, òun náà ń ju ọwọ́ sí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín òkìtì Ọ̀yà. Òkété ti wọ ihò rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣì ń pín in lọ́wọ́ nígbà tí Àwẹ̀ró dé láti ilé ìyá rẹ̀. Ẹ̀wù ìrìn-àjò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kó tó lọ, obìnrin rere yìí ti fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ìfẹ́. Àwọn tó ń pín ìpín pè é, wọ́n ní ó jẹ iṣu kan. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Ó yí i wò. Ó tún un yí wò. Lẹ́yìn náà ó rìn gba àárín èrò kọjá, ó dúró lábẹ́ ọkọ rẹ̀ tó wà lórí èjìká èèyàn.

“Baálé mi, ẹ kú oríire. Ẹ bá mi wo iṣu yìí.”

“Iṣu tó dára ni,” Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn lókè.

“Ẹ wo orí rẹ̀, níbi tí a ti gé e lára ìtàkùn. Eérú igi ni gbogbo ìlú fi ń pa á kó má baà jẹrà, ó máa ń funfun. Èyí dúdú. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ìyá mi tí mo ń fomi gbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀ títí di àná ló kọ́ mi, mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é nílùú yìí.” Ó gbé iṣu náà sókè sí i. “Báwo ni èbù mi ṣe dé inú òkìtì Ọ̀yà?”

Ẹ ò rí ayé. Ọdún mẹ́wàá ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń jẹ iṣu inú abà yẹn, kò fi ojú kan orí ọ̀kankan rí. Ó mọ bó ṣe ń ta lẹ́nu, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn tó gbé e sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó yanu láti sọ pé Òkété ló jí i. Kó tó fọhùn, ohùn kan wá láti inú ilẹ̀: “Tó o bá dárúkọ mi, màá parí ìtàn náà fún wọn.” Bàbá Ẹfọ̀n wo ihò, ó wo Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọmọrí igbá tó wà lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó fi èékánná họ inú rẹ̀, omi yọ. Ojú rẹ̀ là. Ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó rò ó láti orí dé ìdí, kò fi ọ̀kan pa mọ́, àdúrà rẹ̀ pàápàá ò gbẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi àdúrà, àwọn kan ò lè mú un mọ́ra, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ẹfọ̀n ní òfin ti wí pé kí wọ́n pín abà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ti bá wọn pín in, kò ku ohun tí wọ́n máa pín. Ó ku kó kúrò nílùú.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti kúnlẹ̀. “Ẹ má lé e, Bàbá. Tó bá lọ, ta ni yóò bá mi kọ ebè?”

Bàbá Ẹfọ̀n ní kó dìde. Ó gbà. Àánú máa ń ga ju ìdájọ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í pa gbèsè rẹ́. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ti gba nínú èbù náà bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè. Àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run dá tiwọn padà. Méjìlélógún ló padà wálé. Ìyókù, àwọn tó kó wọn ti yára délé, odó ti ń dún.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Àwẹ̀ró gbé ọkọ́ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè bóyá kí òun kọ ebè méjìlélógún. Ó ní rárá, kó kọ ọgọ́ta bí ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ọgọ́ta, ọwọ́ rẹ̀ bó. Méjìlélógún gba èbù. Méjìdínlógójì dúró lófìfo. Gbogbo ìgbà tó bá lọ ro oko lọ́dún yẹn, àárín wọn ló máa ń gbà kọjá. Ìtàkùn ń fà níbì kan, níbòmíràn ilẹ̀ kàn ga lásán bí ibojì. Àwẹ̀ró kò bá a wí lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi kó má jábọ́. Eré dára. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà láàárín ọ̀rẹ́ lè so ìlú pọ̀, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ máa gbìn lọ́la ta tẹ́tẹ́, pàápàá èyí tí ọwọ́ ẹlòmíràn fi eérú pa lórí. Ẹni tó bá sì fi ìṣubú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ kó lè jèrè, bí Ọlọ́run bá tún gbé e dìde, àdánù náà ni. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí ọyẹ́ gbé e lọ. Bí òtítọ́ ni, á wúwo tó láti dúró.